Ìtàn Ìgbésí Ayé George Washington Carver, Olùkọ́ Àwọn Àgbẹ̀

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ ẹ̀pà. A ń jẹ ẹ́ ní sísè, a ń jẹ ẹ́ ní yíyan, a sì ń fi í jẹ gúgúrú ní ọjọ́ tí owó ọwọ́ wa kò bá tó nǹkan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó ti bi ara wọn léèrè rí nínú wa, ohun tí ẹ̀pà ń ṣe fún ilẹ̀ tí a bá gbìn ín sí. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín bi ara rẹ̀ léèrè, ó sì fi ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ó tálákà ní ìdáhùn rẹ̀. George Washington Carver ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ẹrú, ó sì kú ní olùkọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ a máa ka iye ohun tí ó fi ẹ̀pà ṣe bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Kì í ṣe ọ̀nà tí àwa yóò gbà nìyẹn. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìdí mìíràn tí a fi ń fẹ́ mọ̀ ọ́n, èyí ni bí ó ti rí ẹ̀kọ́ gbà ní ilẹ̀ tí a ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àti ohun tí ó fi ẹ̀kọ́ náà ṣe nígbà tí ó rí i gbà tán.

Ní oko ọkùnrin kan tí a ń pè ní Moses Carver, lẹ́bàá ìlú Diamond ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ni a gbé bí i. A kì í kọ ọjọ́ ìbí ọmọ ẹrú sílẹ̀ ní ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn rẹ̀ gbà pé yóò súnmọ́ ọdún 1864. Mary ni orúkọ ìyá rẹ̀, ẹni tí Moses Carver fi 700 dọ́là rà ní ọdún 1855. Bàbá rẹ̀ kú kí ọmọ náà tó gbọ́n. Ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà ní àkókò náà, àwọn jàǹdùkú a sì máa gun ẹṣin kiri ní òru láti jí ẹrú kó. Ní òru ọjọ́ kan wọ́n dé oko Carver, wọ́n sì gbé Mary lọ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Moses Carver rán ọkùnrin kan tẹ̀lé wọn. Ọkùnrin náà rí ọmọ, ṣùgbọ́n kò rí ìyá. Ìtàn sọ pé ẹṣin kan ni Moses Carver fi san án lẹ́san. Wọn kò rí Mary mọ́ láéláé.

Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1865, Moses àti Susan ìyàwó rẹ̀ mú George àti Jim ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ́dọ̀, wọ́n sì tọ́ wọn dàgbà. Jim lágbára, ó bá Moses lọ sí oko. George kò lágbára. Ikọ́ líle ti bá a jà ní kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi tín-ín-rín títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Nítorí náà a fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Susan ní ilé. Ó kọ́ bí a ti ń fọ aṣọ, bí a ti ń lọ aṣọ, bí a ti ń rán aṣọ àti bí a ti ń se oúnjẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí wọn ni ó san owó ilé ẹ̀kọ́ fún un fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a máa wọ inú igbó lọ, ó sì ní ọgbà kékeré kan níbẹ̀ tí ó pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, níbi tí ó ti ń gbin òdòdó tí ó bá ṣalábàápàdé. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí gbé ewéko tí ó ń ṣàìsàn tọ̀ ọ́ wá, tí wọ́n sì ń pè é ní dókítà ewéko. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣe ẹnu ṣámúṣámú.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí, ṣùgbọ́n kì í gba ọmọ aláwọ̀ dúdú. Èyí tí ó ń gbà wọ́n wà ní ìlú Neosho, ìrìn àjò ọ̀pọ̀ wákàtí fún ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ní nǹkan bí ọdún 1877, George nìkan dìde, ó sì lọ. Ilẹ̀ ṣú bá a, ó sì sùn sí ilé ẹran kan. Ilé ẹran náà jẹ́ ti Andrew àti Mariah Watkins, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú tí kò bí ọmọ. Mariah jẹ́ agbẹ̀bí, a sì máa fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn. Òun ni ó gbà á sílé; òun ni ó sì sọ fún un pé kí ó má ṣe pe ara rẹ̀ ní George ti Carver mọ́, bí ẹni pé ohun ìní ni, bí kò ṣe George Carver. Obìnrin yìí kọ́ ọ ní ohun kan tí kò gbàgbé, pé kí ó kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó bá lè kọ́, kí ó sì padà lọ fi fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Neosho kò ní ẹ̀kọ́ púpọ̀. Kò pẹ́ rárá tí George fi kọ́ gbogbo ohun tí olùkọ́ náà mọ̀ tán, ó sì tún di ẹrù rẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀: a máa dúró ní ìlú kan títí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ yóò fi tán, a sì lọ sí òmíràn. Ó wọ ìpínlẹ̀ Kansas. Ní ìlú Fort Scott, ní oṣù kẹta ọdún 1879, ojú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn funfun ṣe kóra jọ tí wọ́n sì pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan láìsí ìdájọ́. Ó kúrò ní ìlú náà, kò sì gbé ibẹ̀ mọ́. Ní ìlú Minneapolis tí ó wà ní Kansas náà, ó dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀, ó sì parí ilé ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀. George Carver mìíràn wà ní ìlú náà tí ìwé wọn ń ṣì ara wọn gbà, ni ó bá fi lẹ́tà W sí àárín orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1885 ó kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú Highland ní Kansas. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn gbà á. Ó sì lọ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í gba ẹni dúdú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, gbogbo wa ni a mọ bí ọkàn ti ń rí nígbà tí a ń dúró de èsì ìdánwò àbáwọlé. Ẹ rò ó bí yóò ti rí fún ẹni tí ó yege, tí a kọ̀wé pè, tí ó sì dé ẹnu ọ̀nà tí a lé e padà. Fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà kò gbìyànjú láti wọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó lọ gba ilẹ̀ ìjọba ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Kansas, níbi tí igi kò pọ̀, ó fi ilẹ̀ koríko gígé kọ́ ilé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro éékà 17. Ilẹ̀ náà gbẹ. Ní òpin, ó fi í sílẹ̀.

Tọkọtaya kan tí ó bá pàdé ní ìpínlẹ̀ Iowa ni ó rọ̀ ọ́ títí tí ó fi tún gbìyànjú. Ní ọdún 1890 Kọ́lẹ́ẹ̀jì Simpson ní ìlú Indianola gbà á láìwo àwọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ewéko ni ó lọ kọ́ níbẹ̀, bí kò ṣe àwòrán yíyà àti dùùrù. Àwòrán yíyà ni ó fẹ́ràn jù ní ayé. Olùkọ́ rẹ̀, Etta Budd, rí i pé òdòdó àti ewé ni ó ń yà ní gbogbo ìgbà, àti pé ó mọ ìṣesí wọn ju bí ayàwòrán ti í mọ̀ lọ. Ẹ̀rù sì ń bà á pé aláwọ̀ dúdú kan kò lè rí oúnjẹ òòjọ́ nídìí àwòrán. Bàbá obìnrin yìí jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ ọgbà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìpínlẹ̀ Iowa ní ìlú Ames, ó sì rọ George láti lọ síbẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ àgbẹ̀. George gbà, ní ọdún 1891. Inú àwa tí a ń kọ èyí máa ń dùn sí olùkọ́ obìnrin yìí, ó sì tún máa ń dùn wá díẹ̀. Ó rí ohun tí ọmọ náà lè ṣe, ó sì tọ́ ọ sọ́nà dáradára; síbẹ̀ nítorí pé ayé kò gba ọmọ náà láàyè ni ó fi ní láti yí i kúrò nínú ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Ní Ames, òun ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó bá àwọn yòókù jẹun. Ìsàlẹ̀ ilé, lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ni ó ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi pẹ́ díẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ ẹ. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì di ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilé ẹ̀kọ́. Àwòrán kan tí ó yà ní àkókò náà, ti ewéko aṣálẹ̀ kan tí a ń pè ní yucca, ni a gbé lọ sí àfihàn ńlá ti gbogbo ayé ní Chicago ní ọdún 1893, ó sì gba ìyìn níbẹ̀. Ní ọdún 1894 ó gba oyè ìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwé tí ó kọ láti fi gba oyè náà dá lórí bí ọwọ́ ènìyàn ti ń yí ewéko padà, nípa lílọ́ ẹ̀ka igi kan mọ́ òmíràn àti nípa mímú irú méjì pọ̀ bí irú titun.

Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ. Wọ́n fi í ṣe olùkọ́, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ibẹ̀, wọ́n sì fi ilé onídíńgí tí a ń gbin ewéko sí sí ìkáwọ́ rẹ̀. Louis Pammel, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ewéko, ni ó kọ́ ọ bí a ti ń lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá láti wo àwọn irú olú kéékèèké tí ń ba ewé àti èso jẹ́. Carver di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Níbi tí ẹlòmíràn bá ti rí ewé lásán, òun a rí àmì àrùn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olú tí ń ṣe ewé igi ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ Taphrina carveri ní iyì rẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan tún wà, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́, tí Carver máa ń mú lọ́wọ́ lọ sí igbó láti fi ewé àti koríko hàn án. Henry A. Wallace ni ọmọ náà. Ní ọdún 1926 òun ni ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí ń ta irúgbìn àgbàdo tí a mú irú pọ̀ bí, láti ọdún 1941 sí 1945 ó sì jẹ́ igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1896 Carver gba oyè ìmọ̀ kejì, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún un láti tẹ̀ síwájú sí oyè tí ó ga jù. Ọdún náà gan-an ni ìwé Booker T. Washington dé. Washington náà ti ṣe ẹrú rí ní kékeré; ó ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọdún 1881, fún àwọn ọmọ àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì ṣèlérí 1,000 dọ́là lọ́dún. Carver lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ó dé Tuskegee.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá iyàn sílẹ̀ nínú yàrá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹnì kan nínú wa ní Carver fi ara rẹ̀ ṣòfò. Pé bí ó bá dúró sí Ames, ìbá di ọ̀kan nínú àwọn àgbà nínú ìmọ̀ àrùn ewéko, ìbá sì ti rí irinṣẹ́ àti àkókò láti wádìí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìmọ̀ olú tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́, kò rí i lò dáadáa mọ́ lẹ́yìn tí ó kúrò ní Ames. A kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò ná an ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbọ́ ohun tí ó bá ní Alabama ná.

Ó bá ilẹ̀ tí òwú ti jẹ tán. Lọ́dọọdún, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òwú nìkan ni a ń gbìn sí ilẹ̀ kan náà, òjò sì ti gbá ojú ilẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ń ṣe oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Kì í ṣe irú ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn bàbá wa mọ̀ ni wọ́n ń san. Ìpín ńlá nínú ìkórè ni. Kí ìkórè tó dé, wọ́n ti jẹ gbèsè oúnjẹ àti irúgbìn lọ́dọ̀ oníṣòwò, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dà bí ìwọ̀fà tí kò ní rí owó san láéláé. Oníṣòwò a sì máa béèrè pé òwú ni kí wọ́n gbìn, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, nítorí òwú ni ó lè tà. Wọn kò ní ẹ̀fọ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ alọ́ràá, àgbàdo lílọ̀ àti oyin ìrèké ni wọ́n ń jẹ, àìsàn sì pọ̀ láàárín wọn.

Ní ilé ẹ̀kọ́ náà, kò sí yàrá àyẹ̀wò. Carver kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí orí ààtàn. Wọ́n ṣa ìgò, wọ́n ṣa agolo, wọ́n ṣa wáyà àti ìkòkò fífọ́. Ìgò yíǹkì kan ni ó fi ṣe àtùpà tí ó ń fi gbóná nǹkan. Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, wọ́n sì tò ó sórí tábìlì, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a máa ń sọ pé a kò lè kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣẹ̀dá nítorí pé kò sí irinṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a rọra sọ ọ́ o.

Ní ọdún 1897 ìjọba Alabama fi àṣẹ sí oko àyẹ̀wò kan ní Tuskegee, wọ́n sì ya 1,500 dọ́là sọ́tọ̀ fún un lọ́dún. Owó kékeré ni fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Carver kò lè ra ajílẹ̀ òyìnbó púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ tí òun ń ṣe é fún kò lè rà á rárá. Nítorí náà ó kó ẹrẹ̀ àbàtà, ewé igbó àti ìgbẹ́ ẹran sí ilẹ̀ náà, ó sì gbin ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti ẹ̀pà ní ìpààrọ̀ pẹ̀lú òwú.

Ọ̀ràn ẹ̀pà yìí yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Bí a bá fa ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà tu, tí a sì rọra fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀, a ó rí àwọn kókó kéékèèké tí kò tóbi ju orí ìṣó kékeré lọ. Inú wọn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí lè mú náítírójìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, èyí tí ewéko mìíràn kò lè fúnra rẹ̀ mú, kí wọ́n sì sọ ọ́ di oúnjẹ fún igi tí wọ́n ń gbé lára rẹ̀. Igi náà sì ń fún wọn ní ohun dídùn tí ó ṣe láti inú oòrùn. Bí a bá ká èso tán, tí a sì dá ewé àti gbòǹgbò padà sínú ilẹ̀, ohun tí a gbìn tẹ̀lé e yóò rí nínú oúnjẹ náà jẹ. Bí a bá kó ewé náà lọ pátápátá, èrè ilẹ̀ yóò kéré. Òwú kò ní irú kókó bẹ́ẹ̀. Gbígbà ni òwú ń gbà lọ́wọ́ ilẹ̀. Kì í ṣe Carver ni ó ṣàwárí èyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọdún 1886 sí 1888. Iṣẹ́ Carver ni láti mú un kúrò nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, kí ó sì gbé e dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìwé kà.

Láti ọdún 1898 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kékeré jáde fún àwọn àgbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ sọ bí a ti lè fi èso igi oak, tí ó ń jábọ́ lófò nínú igbó, bọ́ ẹran ọ̀sìn. Kí ó tó kú ó ti kọ 44. Ọ̀rọ̀ inú wọn rọrùn: bí a ti ń gbin nǹkan, bí a ti ń pa á mọ́, bí a ti ń sè é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò lè ka èyí tí ó rọrùn jù, wọn kò sì lè fi oko sílẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ni Carver bá ya àwòrán kẹ̀kẹ́ kan tí ẹranko yóò máa fà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kàn án, ọlọ́rọ̀ kan ní New York tí ń jẹ́ Morris K. Jesup sì fi owó rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1906 kẹ̀kẹ́ náà jáde. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ohun èlò oko, irúgbìn, ìkòkò ìpọn-wàrà àti irinṣẹ́ ìpo-bọ́tà sí. Yóò dúró sí ẹ̀bá oko, àwọn ènìyàn yóò pé jọ, a ó sì fi ọwọ́ ṣe ohun tí a fẹ́ kọ́ wọn ní ojú wọn. Thomas M. Campbell, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Tuskegee, ni ó ń bójú tó o. Ní ọdún náà gan-an ìjọba Amẹ́ríkà gbà á sí iṣẹ́, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a fi irú iṣẹ́ olùkọ́ àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ Tuskegee ti dé itòsí wa ṣáájú ìgbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, James Calloway, olùkọ́ kan níbẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Tuskegee wà ní ilẹ̀ Togo, níbi tí ìjọba Jámánì ti bẹ̀ wọ́n láti wá kọ́ àwọn ènìyàn ní òwú gbígbìn. Carver fúnra rẹ̀ kò bá wọn wá. Ó tún jẹ́ ohun ìyanu fún wa pé òwú, tí Carver ń bẹ àwọn tirẹ̀ láti dín kù, ni a rán àwọn ọmọ Tuskegee wá gbìn ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní Alabama, ohun tí ìwàásù kò lè ṣe, kòkòrò kan ṣe é. Kòkòrò tí ń jẹ èso òwú láti inú ti wọ Amẹ́ríkà láti Mexico ní nǹkan bí ọdún 1892, ó sì dé Alabama ní nǹkan bí ọdún 1910. Níbi tí ó bá dé, òwú tán. Àwọn àgbẹ̀ wá ń wá ohun mìíràn tí wọn yóò gbìn. Ní ọdún 1916 Carver tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí a ti ń gbin ẹ̀pà, pẹ̀lú ọ̀nà 105 tí a lè gbà sè é fún jíjẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1921 àwọn oníṣòwò ẹ̀pà rán an lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ní Washington, láti sọ ìdí tí ó fi yẹ kí a bu owó ibodè lé ẹ̀pà tí ó ń ti òkèèrè wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Àwọn kan nínú wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò bínú, ó ń yọ ìgò kan lẹ́yìn òmíràn láti inú àpótí rẹ̀, ó ń fi wàrà ẹ̀pà àti oríṣìíríṣìí nǹkan hàn wọ́n, títí wọ́n fi gbàgbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ bí ó ti fẹ́. Nígbà tí ó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn ká gbogbo Amẹ́ríkà.

Nísinsin yìí a ní láti sọ ohun tí àwọn tí ń yìn ín kì í fẹ́ sọ. Kò mọ ètò ilé iṣẹ́ ṣe. Booker Washington a máa bá a wí léraléra nípa àwọn adìẹ ilé ẹ̀kọ́ tí ń kú àti ìwé ìṣirò tí kò pé, Carver a sì máa kọ̀wé pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, ó béèrè yàrá méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀ àti ọ̀kan fún àwọn ewéko rẹ̀, nígbà tí àwọn olùkọ́ mìíràn ń gbé méjì-méjì nínú yàrá kan. Èyí kò sì dùn mọ́ wọn. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ẹlòmíràn ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀pà lílọ̀ ní ọdún 1884. Àṣìṣe rẹ̀ tí ó tóbi jù lójú wa ni pé kì í kọ ọ̀nà tí ó gbà ṣe nǹkan sílẹ̀. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohun tí a ní ó fi ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún ṣe, ìwé ẹ̀tọ́ mẹ́ta péré ni ó gbà, láàárín ọdún 1925 sí 1927, lórí ìpara àti ọ̀dà. Ìyókù wà nínú orí rẹ̀, ó sì bá a lọ. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí alábẹ̀wò bá wọlé tí ó sì béèrè ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tí ó lo gbogbo ayé rẹ̀ láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn kò fi ọ̀nà sílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè gbà tún iṣẹ́ àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe.

Síbẹ̀ nígbà tí a dá iyàn yàrá wa padà, a rí i pé ìdáhùn wà nínú ohun tí àwọn àgbẹ̀ náà rí gbà. Bí Carver bá dúró ní Ames, ẹlòmíràn ìbá kọ nípa olú; púpọ̀ ni àwọn tí ó lè ṣe é. Ní Alabama ní ọdún 1896, kò sí aláwọ̀ dúdú mìíràn tí ó ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó tún mọ aṣọ fífọ̀ àti oúnjẹ sísè tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wọ ilé ìdáná tálákà kí ó má ṣe tijú. Ẹnì kejì wa kò gbà títí di òní. Kò burú.

Carver kò gbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wọ ẹ̀wù àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí òdòdó kì í sí ní àyà rẹ̀. Ní ọdún 1923 a fún un ní àmì ẹ̀yẹ Spingarn. Ní ọdún 1928 Kọ́lẹ́ẹ̀jì Simpson fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ní ọdún 1940 ó bẹ̀rẹ̀ sí kó owó tí ó fi pamọ́ sílẹ̀ láti dá àjọ kan sílẹ̀ ní Tuskegee, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 60,000 dọ́là. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1943, a sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Booker Washington. Ní oṣù keje ọdún náà ìjọba Amẹ́ríkà sọ oko tí a gbé bí i di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè.

Mùsíọ́mù kan wà ní Tuskegee tí a ń pè ní orúkọ rẹ̀, níbi tí a kó àwọn ohun tí ó fi ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún ṣe sí pẹ̀lú àwòrán 48 tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ní ọdún 1947 iná jó ibẹ̀. Mẹ́ta péré ni ó kù nínú àwọn àwòrán náà, ewéko aṣálẹ̀ tí ó gbé lọ sí Chicago sì wà lára àwọn mẹ́ta yìí.